Eré Kọ́ Ni, Àkànní

Ìjánà, Ọ̀tà,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Láṣídì, Àkànní ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, àlàáfíà la wà. Bàbá rẹ ti padà sí ibi iṣẹ́ bíríkìlà ní Èkó. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí mi lọ́mọ, ní kí n sọ fún ọ pé ojú òun ṣì ń ríran dé ẹnu ọ̀nà, òun ni yóò kọ́kọ́ rí ọ nígbà tí o bá ń wọlé bọ̀ ní ọlidé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbé aṣọ tí mo ń rán kúrò lórí ẹ̀rọ, mo jókòó tì í. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí o ti ní ẹ̀wà tí wọ́n ń sè fún yín le débi pé ẹ ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú àwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. O ní àwọn ọmọkùnrin kan nínú ilé tí ẹ ń sùn ní ilé ìwé yín máa ń kó ara wọn jọ sẹ́yìn ilé ìdáná lọ́sàn-án Sátidé láti ta káàdì, ẹni tó bá jẹ á kó ohun tí àwọn yòókù fi lélẹ̀. O ní ìgò kan máa ń yí láàárín wọn, wọ́n ń pè é ní omi, kì í sì í ṣe omi. Wọ́n ti ń pè ọ́, o ò mọ bí o ṣe máa kọ̀ kí wọ́n má fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. O wá fi kún un pé, "Màámi, ẹ má bẹ̀rù, eré lásán ni."

Àkànní, gbólóhùn yẹn kì í ṣe tuntun létí mi. Ẹnu ẹni tí mo fẹ́ràn jù nígbà èwe mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi Búráímọ̀, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Adó.

Mo mọ̀ pé ìwọ mọ̀ ọ́n sí tísà àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín ní gbangba. O ti bi mí rí ìdí tí kì í fi í dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ayò, tó sì jẹ́ pé níbi ìyàwó tàbí ìkómọ, omi tútù nìkan ló ń gbà. Mo dá ọ lóhùn nígbà yẹn pé ìwà rẹ̀ ni. Kì í ṣe ìwà rẹ̀. Kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo wọ lọ́rì lọ sí Adó-Odò lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹni kì í ṣe ohun tí à ń gbé kiri láìgba àṣẹ. Mo bá a níbi tó ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀ní, sọ ọ́ fún un. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n má bù mí lọ́lá níbẹ̀ o. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Bó ṣe rí nìyí.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, obì ni iṣẹ́ bàbá wa. Oko àwọn ará Ọ̀tà ló ti ń rà á, a ó fi ewé tútù tẹ́ agbọ̀n, a ó dì í, àwọn alágbàṣe á rù ú lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè ní Ìjòkó, kí ọkọ̀ ojú irin lè gbé e lọ sí òkè Ọya. Inú igbó ni ọ̀nà Ìjòkó gbà nígbà yẹn. Ní àsìkò ọyẹ́, ìrì á mu wá dé orúnkún, èéfín ọkọ̀ ojú irin á máa yọ lórí igi kí a tó gbọ́ ariwo rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn obì tútù, àárọ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ni orí rẹ̀ pé jù nínú wa. Bó ṣe ń ké Kùránì náà ló ń ka ìwé gẹ̀ẹ́sì. Ní ilé ìwé ìjọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n fi í sí, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ábúráhámù. Ìyá Àgbà bínú sí i, bàbá wa ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é bó ṣe wù wọ́n, ohun tó wà nínú orí rẹ̀ ni kí wọ́n fún un." Nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tísà, gbogbo Ìjánà ló sìn ín dé Ìjòkó. Mo gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sórí, mo sì ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo ń lọ.

Ní ọlidé àkọ́kọ́, ó dé pẹ̀lú aago ọwọ́. Kò sí ẹni tó ní aago ọwọ́ nínú agbo-ilé wa. Ó mú gèlè sílíkì wá fún Ìyá Àgbà, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ wá fún mi. Bàbá wa bi í léèrè ibi tó ti rí wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwa ọ̀rẹ́ kan máa ń ta káàdì níbẹ̀, bàbá. Orí mi máa ń là níbẹ̀ ni. Eré lásán ni." Bàbá wa kàn mi orí. Ìyá Àgbà we gèlè náà lọ́jọ́ ọdún, àwọn ará ilé ń yìn ín. Èmi náà so ìlẹ̀kẹ̀ mi.

Níbí ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà, fetí sí i dáadáa. Jíjẹ tó jẹ ni ó pa á lára. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní òun ti kọ́kọ́ pàdánù ni, ìbínú ì bá ti mú òun kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ a máa fún àlejò lóúnjẹ kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí o bá gbọ́ pé orí ẹnì kan ń là níbẹ̀, àánú rẹ̀ ni kó ṣe ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé púùlù tí wọ́n ń tà káàkiri Èkó báyìí, tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó. Ẹni tó jẹ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ta ló ń ka orúkọ àwọn tó pàdánù?

Ní ọlidé kejì, aago ti lọ. Ó ní òun yá ọ̀rẹ́ òun kan tó ń jẹ́ Jósáyà, ọmọ Ìlaró. Aṣọ òkè tí bàbá wa dá fún un kò bá a wálé. Ó rù, ojú rẹ̀ pọ́n, bí a bá pè é á ta gìrì. Ó ń pa káàdì pọ̀ fúnra rẹ̀ lórí ẹní, ó ń tà á, òun nìkan, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù láàárín wọn. Mo ní kí ó kọ́ mi. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Àbẹ̀ní, bí mo bá rí ọ pẹ̀lú rẹ̀ láéláé, màá nà ọ́." Ẹ̀rù bà mí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ògógóró ti wọ̀ ọ́ nígbà náà. Bó ṣe wọlé nìyí, láti ẹnu òun fúnra rẹ̀: bí ó bá pàdánù, wọ́n á fún un ní díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Nígbà tí ìdánwò dé tí kò tíì kàwé, ó mu díẹ̀ kí ẹ̀rù lè kúrò. Nígbà tó yá, ó ń mu ún kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọmọ mi, ẹni tó bá gbé ìgò fún ọ kò ní sọ fún ọ pé ọtí ni yóò pa ìwé rẹ. Á ní, "Díẹ̀ ni, fi tọ́ ọ wò." Igbó tí wọ́n ń fà bíi sìgá, tí àwọn sójà kan mú ti ogun Bọ́mà dé náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí èèyàn lè kàwé. Irọ́ ni. Ẹni tó bá rò pé òun ń kàwé lábẹ́ rẹ̀, kó kà á padà lọ́jọ́ kejì, kó wo ohun tó kù lórí rẹ̀.

Má rò pé ìyá rẹ kò mọ bí ojú ẹgbẹ́ ṣe ń ti èèyàn. Nígbà tí mo ń di ọmọge, àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń pọnmi ní odò Ìjù máa ń fín áàṣáà. Wọ́n ní ọmọdé ni mí. Mo jí ti ìyá bàbá mi, mo fín in lójú wọn kí wọ́n lè rí i pé mo ti dàgbà. Òòyì kọ́ mi, mo ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi, ìkòkò fọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá mi gbé àfọ́kù. Rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń pè ọ́: àwọn tó ní kí o wá, wọn kì í bá ni kó àfọ́kù.

Wàyí o, ọjọ́ Ìjòkó.

Ìgbà náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọlidé kò tíì tó. Mo tẹ̀lé bàbá wa àti àwọn alágbàṣe lọ kó obì sọ́kọ̀. Oòrùn ti mú. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Abẹ́òkúta bọ̀, tó ń lọ sí Èkó, wá dúró. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sọ̀kalẹ̀ láti inú yàrá ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó lọ sí ibi ẹ̀rọ omi, ó ń bomi mu. Ṣòkòtò kan tó tóbi jù ú ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Ọ̀nà tó gbà tẹ orí ba ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi?"

Ó yíjú padà. Òórùn ọtí ló kọ́kọ́ kí mi. Ó ní, "Àbẹ̀ní. Kí lo ń ṣe níbí?"

"Àpótí yín dà? Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

"Wọ́n ti lé mi. Èmi àti Jósáyà ni, Èkó là ń lọ. Gbọ́, o ò rí mi. Má sọ fún bàbá, má sọ fún Ìyá. N óò kọ̀wé sí wọn bí mo bá ti ríṣẹ́."

Fèrè ọkọ̀ dún. Ọmọkùnrin kan yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ń juwọ́, ó ń kígbe pé, "Ábúráhámù! Wọ ọkọ̀! Ó ti ń lọ!" Ohùn rẹ̀ dùn, ọmọ rere ló jọ. Ẹ̀gbọ́n mi sáré. Àkànní, n kò rò ó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú ní aṣọ lẹ́yìn, mo sì figbe ta, "Bàbá o! Bàbá, ẹ gbà mí o!" Ó ń já ara rẹ̀ gbà, aṣọ ń ya, ó ń bẹ̀ mí pé kí n fi òun sílẹ̀, ó tún ń bú mi. Ó gbá mi létí. N kò fi í sílẹ̀. Àwọn alágbàṣe sá dé, wọ́n dì í mú. Ọkọ̀ gbéra. Jósáyà ṣì ń juwọ́ lójú fèrèsé bí ọkọ̀ ṣe ń wọ inú igbó lọ.

Bàbá wa dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rò pé yóò nà án. Gbogbo ìdíkọ̀ ń wò wá. Ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó bọ́ agbádá ara rẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a tún rí irú wọn. Nígbà tí kò rí ọtí mu mọ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ó ń rí ohun tí kò sí. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n dè é mọ́ òpó. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Ọmọ tí mo bí kì í ṣe ewúrẹ́." Wọ́n gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Ọkùnrin tó ń fúnni lóògùn níbẹ̀ ní àìsàn ni, ó ní ọtí mímu tí èèyàn dá dúró lójijì a máa pani, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ó sì dá a dúró síbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Nígbà tó dìde, kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á yíjú sí ògiri. Ó ní mo ti dójú ti òun níwájú ayé. Ó dùn mí, mo sì sunkún púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ń rántí pé ó wà nílé, ó ń yíjú sí ògiri ilé wa. Ògiri Èkó kọ́.

Má jẹ́ kí n parọ́ fún ọ pé ó tán síbẹ̀. Nígbà tí a rò pé ó ti bọ́, ó sá lọ sí oríta Sàngó, níbi tí àwọn awakọ̀ lọ́rì ti máa ń sinmi, tí obìnrin kan ń ta ọtí lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n wá sọ fún bàbá wa. Bàbá wa, alájì kọ́ ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi ṣe lémọ́ọ̀mù nígbà míràn. Ọkùnrin yẹn rìn lọ síbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọlọ́tí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ń fa tẹ̀súbáà. Ó ń fà á, kò wí nǹkan kan. Oòrùn kúrò lórí àtíbàbà, ó bọ́ sí ẹ̀yìn. Níkẹyìn ẹ̀gbọ́n mi dojú ife délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n jọ rìn wálé.

Kò tún mu ún mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó bá bàbá wa ṣiṣẹ́ obì lọ́dún púpọ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kó kàwé mọ́, títí wọ́n fi dá ilé ìwé mùsùlùmí sílẹ̀ ní Adó, tí wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Bàbá wa ló lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì sọ ohun gbogbo fún wọn, kò fi ìkankan pamọ́. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó wá bá mi nídìí iná, ó ní, "Àbẹ̀ní, etí tí mo gbá, ṣé ó ń dùn ọ́ títí di òní?" Mo ní kò dùn mí mọ́. Ó ní, "Ọlọ́hun kó má gba ọwọ́ rẹ lọ́wọ́ rẹ."

Àkànní, mo ti fún ọ ní ìtàn, jẹ́ kí n kó ìmọ̀ràn yòókù lé e, bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn.

Bí wọ́n bá tún pè ọ́, má ṣe wàásù fún wọn. Sọ pé ìyá rẹ le bí ata, pé bí ó bá gbọ́, yóò wọ ọkọ̀ wá bá ọ níwájú ọ̀gá yín. Fi orúkọ mi kọ̀ ọ́. N kò kọ̀ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Wá ohun míràn ṣe lọ́sàn-án Sátidé. Ọwọ́ tó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Fọ aṣọ rẹ, gbá bọ́ọ̀lù, lọ sí mọ́sálásí ìlú yẹn, kí àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ojú rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní àìlẹ́nìkan ló kọ́kọ́ gbé òun lọ sídìí káàdì. Òun nìkan ni mùsùlùmí nínú ilé tí wọ́n ń sùn, àwọn yẹn ló kọ́kọ́ pè é jókòó.

Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, a máa jẹ ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n má kórìíra wọn. Ọmọ ẹni kan ni wọ́n. Bí o bá rí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, tàbí tó ń ta aṣọ rẹ̀, má rẹ́rìn-ín, má sì bá a bo ọ̀rọ̀ náà. Wá tísà kan tó ní àánú, sọ fún un. Ó lè bú ọ. Ó lè má bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Jẹ́ kó bú ọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé o ti jókòó níbẹ̀ kí o tó kọ̀wé sí mi, tí o kàn ń fi ọ̀rọ̀ náà dán mi wò, n kò bínú. Dìde níbẹ̀ lónìí. Má dúró kí o jẹ ohun tó sọnù padà, torí ìyẹn ni okùn tó so ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀.

Ó ku Jósáyà. Èkó gbé e mì. Ẹnì kan ní òun rí i ní èbúté, òmíràn ní kì í ṣe òun. Ìyá rẹ̀ máa ń ti Ìlaró wá bá ẹ̀gbọ́n mi lọ́dọọdún, pé bóyá ó gbọ́ nǹkan. Nígbà tó wá kẹ́yìn, mo wà ní Adó. Ó ti darúgbó, igi ló fi ń rìn. Wọ́n fi mí hàn án. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ń wò ó. Ó ní, "Ṣé èyí lo fi dì í mú?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá." Ó ní, "Ọmọ tèmi náà wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó ṣẹlẹ̀ pé kò ní àbúrò ní Ìjòkó."

Ọ̀nà jìn sí ibi tí o wà, Àkànní, ọwọ́ mi kò tó ọ. Mo fi sítáǹpù sínú àpò ìwé yìí. Kọ̀wé sí mi kí Sátidé tó dé.

Èmi ni ìyá rẹ tí ń ṣàdúà fún ọ,
Àbẹ̀ní.